Ẹsẹ̀ Reuben Ògúnjìmí Nínú Ọkọ̀ Òfúrufú

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Reuben Ògúnjìmí. Olodì-Àpápá ló ń gbé. Tírélà ló wà títí ara fi ní ó tó, láti èbúté Àpápá dé Kánò. Gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ní Liverpool Road ló mọ̀ pé kì í fẹ́ jókòó kí ẹlòmíràn wa òun. Bó bá di dandan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀.

Tèmítọ́lá ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Sátidé ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfúrufú kékeré. Nígbà tí wọ́n fún un ní láísẹ́ǹsì, ó ní òun fẹ́ gbé ẹnì kan nílé fò. Harriet ìyá rẹ̀ ní òun á dúró sílé gbàdúrà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn. Ojú ọmọ náà wálẹ̀.

Reuben ní, "Èmi á lọ." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi já.

Fidelis tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà wọn tún dá kún un.

"Baba Tèmi, tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ yín lókè ńkọ́? Where you wan park? Ta ló máa bá yín já ewé sójú títì?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, Fidelis."

"Mi ò sọ nǹkan o. Ẹ ṣáà mú jáàkì dání."

Ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, ọkọ̀ náà kò tó orí tírélà. Táyà rẹ̀ kò ju ti kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ. Reuben yí i po, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò.

"Dádì, pẹ́dà iwájú yín ń ṣiṣẹ́ bíi tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹsẹ̀ kàn án."

"Mo ti gbọ́."

"Dádì, mo mọ̀ yín."

"Mo ní mo ti gbọ́!"

Wọ́n gbéra. Tèmítọ́lá ń nàka. "Ẹ wo Ajégúnlẹ̀. Ẹ wo àwọn táǹkì epo Kirikiri." Reuben ń dáhùn, kò wo nǹkan kan. Ohùn ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ́. Bó bá yí padà díẹ̀, á tún tẹ́tí sí i. Ó fẹ́ kígbe pé kó dá òun padà. Ṣùgbọ́n bó bá kígbe, ọmọ yìí kò ní bẹ ẹnì kankan nílé mọ́ láé. Ó di ẹ̀gbẹ́ àga mú.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀, ilẹ̀ sáré pàdé wọn. Lójú awakọ̀ tírélà, eré náà ti pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bi í léèrè kó tó tẹ pẹ́dà wọlẹ̀. Pẹ́dà ọkọ̀ òfúrufú kì í dá a dúró lókè, imú rẹ̀ ló ń yí. Imú ọkọ̀ yà bàrá.

"Gbẹ́sẹ̀ kúrò!"

Kò sí "ẹ jọ̀ọ́", kò sí "Dádì". Bí Reuben ṣe máa ń jágbe mọ́ ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé orúnkún méjèèjì sáyà, ó gbá wọn mọ́ra. Tèmítọ́lá tọ́ imú ọkọ̀, ó fún un níná, wọ́n tún gòkè.

Wọ́n ní láti yí po kí wọ́n tó tún wá. Lójú Reuben, yíyípo yẹn gùn ju ọ̀nà Kánò lọ. Orúnkún ń ro ó, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Ilẹ̀ tún ń bọ̀. Ó fi eyín de eyín. Ọkọ̀ kanlẹ̀, ó sáré, ó dúró.

Tèmítọ́lá pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ má bínú. Mo jágbe mọ́ yín."

"Ta ló ń wakọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o ti rí awakọ̀ tó ń bẹ èrò tó fẹ́ pa á? Dìde jàre. Nígbà míì, ẹ̀yìn ni kí o fi mí sí."

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nílé, Harriet bi í pé, "Ṣé ó mọ̀ ọ́n wà?"

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń tiro?"

"Àga wọn ló le."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Reuben jẹ ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó sì ti orí ẹja inú rẹ̀, tó máa ń jẹ́ ti baálé, sọ́dọ̀ Tèmítọ́lá.