Màmá Tó Ṣe Ohùn Iwin

Tí wọ́n bá ń fi fíìmù wa hàn ní Ìkọ̀tún, tí iwin inú rẹ̀ bú ramúramù, ṣe ni àwọn èèyàn máa ń pariwo ayọ̀. Èmi kì í lè pariwo, torí mo mọ ẹni tó ni ohùn yẹn. Màmá tó máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Ìgàndó ni.

Ohùn rẹ̀ ki bíi ti ọkùnrin. Tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ọlọ́run ló fún mi jàre, ẹ lọ bá a jà." Ó máa ń di etí kan mú kó tó gbé orin.

Èmi ni mo mú un lọ bá olùdarí fíìmù wa, tó ń wá ẹni tó máa ṣe ohùn iwin. A gbé fóòmù dí fèrèsé yàrá tí a ti fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀. Màmá di etí mú, ó bú ramúramù títí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ fi sá jáde.

"Ṣó tó, àbí kí n fi kún un?"

Fíìmù náà gbajúmọ̀ ṣá. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí Màmá ṣe gbé orin, ọmọ kan kígbe, "Iwin ti dé o!" Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wòlíì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohùn tó ti ṣiṣẹ́ fún iwin ò gbọdọ̀ dá orin fún Ọlọ́run mọ́.

Mo bẹ Wòlíì, kò gbà. Mo bẹ Màmá náà pé kó dárí jì mí.

"Ohùn kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọ mi."

Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí báyìí. Mo jókòó tì í lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan.