Òórùn Tó Wà Lára Ẹ̀wù Mouritala

Nígbà tí Mouritala gbé mi níyàwó wá sí Williamsville, òórùn iṣẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kórìíra. Aṣọ àwọn tó ń ṣeré orí ìtàgé àti ti fíìmù ló ń rán. Tí wọ́n bá ní kó rán aṣọ alárù, kò ní fi abẹ ya á, kò ní da kọfí sí i kó lè dà bí èyí tó ti gbó. Yóò rán an ní tuntun, yóò gbé e lọ sí Adjamé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àbdùlsàmàd, tó ń ti ọmọlanke nínú ọjà.

"Wọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́ta. Má fọ̀ ọ́ o."

Ẹ wá gbóòórùn nígbà tó bá gbà á padà! Òógùn, omi ẹja, ẹrẹ̀ gọ́tà. Yàrá tí mo ń sùn ló sì máa ń gbé e kọ́ sí.

"Bàbá Kadidja, èébì ń gbé mi. Ẹ gbé nǹkan yìí jáde."

Á bú sẹ́rìn-ín. "Wo èjìká rẹ̀ bó ṣe ṣá. Oòrùn àti ẹrù ló ṣe é. Ọwọ́ ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi di imú.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀wù kan péré tí Àbdùlsàmàd ti wọ̀ gbó ló kù lórí ìkọ́, tí àwọn onífíìmù kan ní Biétry ti bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ rẹ̀. Sabine tó ń tọ́jú aṣọ wọn ló wá gbà á, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí síbí.

"Má jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ o."

"D'accord, Tantie. A ò ní fọ̀ ọ́."

Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ wò ó ní Biétry. Ẹ̀wù ọkọ mi funfun bí lékeléke! Javel, omi tó ń bó aṣọ, ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Èjìká ti fà ya, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà dúdú sí i láyà kó lè jọ ìdọ̀tí, bí ìgbà tí ọmọdé da ọbẹ̀ sára.

"Laurent tó máa wọ̀ ọ́ ló ní ó ń rùn, Tantie. Pardon."

"Ó ń rùn? Ṣé alárù tó fi lọ́fínńdà para ló fẹ́ ṣe ni?"

Mo gbé ẹ̀wù náà símú. Èmi tí èébì máa ń gbé nítorí rẹ̀, mò ń wá òórùn náà. Kò sí. Ó kó mi nírìíra débi pé mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú wọn.

Ojú ò ti Sabine. "Ṣé òmíràn ò sí nílé?"

"Kò sí. Ẹ sì ti pa ìyẹn."

Èmi ni mo máa ń gán etí aṣọ fún ọkọ mi, mo mọ bó ṣe ń gé e. Mo jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo gbé ẹ̀wù tuntun lọ sí Adjamé.

Àbdùlsàmàd yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìyá Kadidja, ta ló bẹ̀ yín ní iṣẹ́ rẹ̀?"

"Kò tíì sẹ́ni kankan."

"Mo ti darúgbó o. Oṣù mẹ́fà ni mo máa fi ba èyí jẹ́."

"Fi ọdún kan bà á jẹ́," mo ní. "Má ṣáà fọ̀ ọ́."