Òjò Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Kíṣí

Òórùn tòmátì tó ti rà ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ tí a kó kúrò ní Kétu. Lọ́rì tó gbé wa ti já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní Mile 12, ó fẹ́ padà sókè lófìfo, ni bàbá mi bá bá awakọ̀ rẹ̀ sọ ọ́ kí ó gbé wa dé ẹ̀yìn Kíṣí. Àwọn apẹ̀rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀, omi tòmátì ń kán lára wọn, eṣinṣin sì bò wá. Àárín apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí ni a kó bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, àga àti ìkòkò sí. Àbúrò mi obìnrin, Tóyìn, jókòó lórí àpò gàrí, ó ń sunkún pé òun fẹ́ tọ̀. Mo bi màmá mi pé níbo là ń lọ. Wọ́n ní, "Bi bàbá ẹ." Mo bi bàbá mi. Wọ́n ní, "Ilé." Mo yíjú wo ilé wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè yẹn á rántí ohun tí omi fi ojú wa rí. Ìsàlẹ̀ tó kọjú sí Àgbóyì ni ilé wa wà. Bí odò Ògùn bá ti kún, omi á wọ yàrá láìkan ìlẹ̀kùn. Kò sí ọmọ ilé wa tí kò mọ iṣẹ́ tirẹ̀ bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Èmi ni mò ń ká ẹní. Tóyìn á ṣa bàtà. Màmá mi á kó àpò oúnjẹ sórí tábìlì, wọ́n á to ìkòkò sórí bẹ́ẹ̀dì kí omi má baà gbé wọn lọ. Bàbá mi á wọ́ àpò iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ. Bí òjò bá ti kán lórí páànù báyìí, kálukú ti dìde.

Oníṣẹ́ iná ni bàbá mi. Àwọn ni wọ́n fa wáyà sí ọ̀pọ̀ ilé tó wà ládùúgbò wa, wọ́n sì mọ ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ tó tọ́. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ nírọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọdé kígbe "Ááà!" káàkiri, bàbá mi kì í bínú bí àwọn bàbá yòókù. Wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wo gílóòbù tó kú náà. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ló ń jókòó síbì kan tó ń pa iná mọ́ mi lójú. Mo fẹ́ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lè pa iná mi."

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ibo nìyẹn?"

"Ilẹ̀ bàbá àgbà mi, lẹ́yìn Kíṣí."

"Níbi tí kò ti síná rárá?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn gan-an."

Mo rò pé àwàdà ni. Àwọn aráalé náà rò bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi rí i tí bàbá mi ń kó irinṣẹ́ wọn fún ọmọ iṣẹ́. Nígbà náà ni àwọn kan ní kì í ṣojú lásán, pé ayé ti ń ṣe Bàbá Wálé. Èmi ni Wálé. Ohun tí bàbá mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá wọn sọ̀rọ̀ kò ju pé, "Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ." Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé abúlé náà nínú ọyẹ́, tí mo rí odò wọn, iyanrìn funfun lásán ni. Màlúù ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo dúró sí bèbè rẹ̀, mo ń rò ó. Odò yìí kò kúrò níbi orísun rẹ̀ rí, kí ló dé tó fi gbẹ?

Eruku pupa ló wà níbẹ̀, àti igi emi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, àti ọ̀run tó fẹ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Ètè wa là. Bí alẹ́ bá lẹ́, òkùnkùn á ṣú débi pé Tóyìn á máa fọwọ́ wá imú ara rẹ̀. Bàbá mi á wá fi òwú sínú òrí, wọ́n á tan fìtílà, wọ́n á gbé e sáàárín wa bí ẹni gbé ọba kalẹ̀. Wọ́n á ní, "Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa pa á?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. N kò rí bàbá mi kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí ní Kétu.

Bàbá mi fúnra wọn ló kọ́ ilé wa, àwọn ọkùnrin abúlé bá wọn mọ ògiri rẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga ju ti ilé gbogbo lọ, a ní àtẹ̀gùn tí a fi ń wọlé. Wọ́n wa gọ́tà yí ilé náà ká, wọ́n jẹ́ kí ó dà gẹ̀rẹ́ lọ sójú ọ̀nà. Ìyá Ràbí, tí agbo ilé wọn múlé ti tiwa, dúró wò ó, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀yin ará Èkó, kí lẹ ń gùn lọ sókè báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ bá ẹyẹ sọ̀rọ̀ ni?"

Bàbá mi nu òógùn nù. "Ìyá Ràbí, omi ò ní bá wa nínú ilé yìí láéláé."

"Àmín o," ni Ìyá Ràbí wí. Ó wo ojú sánmà tó gbẹ kangí, ó tún wo bàbá mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú iyanrìn odò yẹn la ti ń bu omi. Àfẹ̀mọ́júmọ́ la máa ń lọ. Màmá mi á fi igbá wa ihò, a ó jókòó tì í títí omi á fi máa sun díẹ̀díẹ̀ bí omijé, wọ́n á sì rọra fi igbá gbọ́n ọn sínú korobá. Obìnrin tó ti ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi jáde nínú yàrá látọdún tó ti wọlé ọkọ ló wá ń fi ife wọn omi fún wa. Abọ́ kan lèmi àti Tóyìn fi ń wẹ̀. Omi tí a wẹ̀ yẹn ni wọ́n ń fi fọ àkísà, tí wọ́n tún ń dà sídìí ata. Màmá mi ń rù. Bàbá mi ń sanra. Ọkàn kan náà ni mo fi ń wo àwọn méjèèjì, n kò mọ ara ta ni kí n gbà gbọ́, èyí tó ń rù tàbí èyí tó ń sanra.

Lábẹ́ igi emi ni kíláàsì wa wà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ á yí mi ká pé kí n sọ̀rọ̀ Èkó. Mo sọ fún wọn bí omi ṣe máa ń wọlé bá wa lórí ẹní. Ọmọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ pòṣé.

"Irọ́! Omi á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé wá bá yín?"

"Mo fi Ọlọ́run búra. Ó máa ń dé orúnkún mi."

"Ẹ ò sì pọn ọ́n? Ó wá bá yín nílé, ẹ tún gbá a síta? Tí ẹ wá ń bá wa wa ihò níbí? Wèrè ni yín ní ilé yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ọmọ Odò ni wọ́n ń pè mí. Bí mo sì ṣe ń rò ó lọ, ó jọ pé ọmọkùnrin náà ló jàre.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ nìkan ni ihò náà ń sun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan màmá mi gbé korobá òfìfo dé, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú bàbá mi tó ń gbẹ́ èèkù ọkọ́.

Bàbá mi ní, "Ìyá Wálé, fara balẹ̀. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

"Ṣùgbọ́n omi ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ náà, Bàbá Wálé." Màmá mi kò pariwo. "Òjò àkọ́kọ́ ni mò ń dúró dè. Bí òjò bá rọ̀, tí ilẹ̀ mọ́, tí mo tún ní láti lọ wa iyanrìn kí n tó rí omi bu, èmi àtàwọn ọmọ mi á wọ lọ́rì."

Bàbá mi gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Ó dáa. Òjò àkọ́kọ́."

Láti ìgbà náà lèmi àti Tóyìn ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Tóyìn ń gbàdúrà kí òjò má rọ̀, torí ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí mo bá ń wo ẹ̀yìn màmá mi tó tẹ̀ lórí ihò, èmi á gbàdúrà kó rọ̀. Bó bá dìrọ̀lẹ́, tí bàbá mi bá ń kọrin, n kò ní mọ ohun tí mo fẹ́ mọ́.

Ọ̀sán ni òjò náà dé. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ gbé eruku dìde, ojú ọjọ́ dúdú, òórùn ilẹ̀ tútù gbòde kan. Ó kán lórí páànù: kọ́, kọ́, kọ́.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ. Mo ká ẹní. Tóyìn ṣa bàtà. Màmá mi gbé àpò èlùbọ́ sórí tábìlì, wọ́n kó ìkòkò, korobá àti ọpọ́n, wọ́n da gbogbo rẹ̀ dé sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi wọ́ àpò yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. A dúró láàárín yàrá, a ń wo ilẹ̀. Òjò ń lu páànù kíkankíkan, a ń retí omi. Kò wọlé. Bàbá mi yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí i bí omi ṣe ń gba inú gọ́tà sáré lọ sójú ọ̀nà.

"O rí i?" ni wọ́n wí.

"Mo rí i," ni màmá mi dáhùn, ẹ̀rín sì yọ lójú wọn. Mo rántí ẹ̀rín náà dáadáa. Ó jọ pé a ti ṣẹ́gun.

Òjò náà kò pẹ́ tó fi dá. Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Ràbí gun àtẹ̀gùn wá, aṣọ rẹ̀ rin gbindin. "Ẹ kú oríire òjò o! Tiyín mélòó ló kún?"

"Kí ló kún?" ni màmá mi béèrè.

"Àmù ńkọ́? Korobá ńkọ́?" Ó yọjú wo inú yàrá, ó rí àwọn ìkòkò tí wọ́n dojú dé lórí bẹ́ẹ̀dì bí àwọn aláìsàn. Ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Hẹ̀ẹ́! Ẹ fi ìkòkò pamọ́ fún òjò!" Ìgbà tó rí ojú màmá mi ló yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Láti ẹnu ọ̀nà wa ni mo ti rí agbo ilé tirẹ̀: igbá, ọpọ́n, ìdérí ìkòkò, títí kan búta tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá, gbogbo rẹ̀ ló kún bámúbámú.

Bàbá mi mú korobá, wọ́n sáré lọ sídìí gọ́tà. Ẹrẹ̀ ló kù. Nígbà tí wọ́n wọlé, mo rò pé ìjà ló kàn. Màmá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bàbá mi tẹ̀ lé wọn, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Èmi àti Tóyìn náà bá wọn rín in. N kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn náà ni bàbá mi ní, "Àṣìṣe ni. Òjò míì ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Èmi gan-an ni mo da àwọn ìkòkò dé." Màmá mi nu ojú wọn. "Ara mi ló sá fún omi, Bàbá Wálé. Kò bi mí kó tó gbéra. Kétu lara mi ṣì wà."

"Tèmi náà ló wọ́ yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ jẹ́ ká padà nígbà náà."

Bàbá mi gbójú wo fìtílà òrí wọn. "Mi ò lè padà," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì rẹlẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, màmá mi lọ wa iyanrìn. Nígbà tí lọ́rì tòmátì máa kọjá sí Èkó, bàbá mi fúnra wọn ló dá a dúró, wọ́n bẹ awakọ̀, wọ́n gbé Tóyìn sókè, wọ́n to ẹrù wa kó má baà wó lù wá. Mo sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí àyè lè wà fún wọn. Ọkọ̀ ṣí. Bàbá mi ṣì wà nílẹ̀. Mo ní, "Bàbá ńkọ́?" Màmá mi ń wo iwájú. Wọ́n ní, "Wọ́n ń bọ̀."

Wọ́n sì ń wá lóòótọ́, bí àlejò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á kó ọkà bàbà àti òrí wá sí Kétu, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á ní ariwo kò jẹ́ kí oorun kun àwọn. Màmá mi á se oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n á bi bàbá mi pé ṣé wọ́n ti gbomi òjò. Bàbá mi á ní àwọn ti dí gọ́tà, àwọn ti fi sìmẹ́ńtì mọ kòtò omi. Màá gbọ́ ẹ̀rín wọn nínú yàrá. Lẹ́yìn náà, bàbá mi á gbé àpò wọn, wọ́n á lọ. Àwọn tó ń jà kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ara wọn kì í gbé lọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá béèrè, ẹni tí mo bi á ní kí n bi ẹnì kejì. Báyìí ni wọ́n ṣe é títí àwọn méjèèjì fi sùn, bàbá lọ́hùn-ún, ìyá ní Kétu.

Ìkòsí ni mò ń gbé báyìí. Ní ọdún tó kọjá ni Fúnmiláyọ̀, ìyàwó mi, kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà àìsàn rẹ̀, ó ní kí n sọ ìtàn Kíṣí fún òun. Ó ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Nínú bàbá yín àti màmá yín, ta ló fi ẹnì kejì sílẹ̀?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà nínú lọ́rì yẹn kò mọ ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn dá a lójú. Bàbá rẹ̀ ló dúró sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ kò ní béèrè tán tí á fi dá yín lóhùn. Mo wo ìyàwó mi tó rù lórí bẹ́ẹ̀dì: òun ló ń lọ, èmi ló máa dúró sílẹ̀.

Mo ní, "Jẹ́ kí n rò ó ná."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o."

Mo ti sin bàbá, mo ti sin ìyá, mo sì ti sin òun náà. Mo ṣì ń rò ó.