Àmì Orí "Kun"

Kí n tó di ìyàwó ilé ni etí bàbá ọkọ mi ti di. Ogójì ọdún ni wọ́n fi tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, níbi tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ti ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi fẹ̀yìn tì, ariwo yẹn ti jẹ etí méjèèjì tán. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń pè wọ́n ní Bàbá Sípánà. Èmi ń pè wọ́n ní Bàbá, àwọn náà ń pè mí ní Ìyàwó, ọdún kọkànlá rèé.

Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ìwé kan wà lórí tábìlì pálọ̀ tí mo fi okùn so báírò mọ́. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run, ó mú aláròyé, ó fi í sílé adití. Ìwé kan gbáko ni mò ń kọ tán lóṣù. Bàbá á kà á sínú, wọ́n á wá fi ohùn ńlá dáhùn, bí ẹni pé ẹ̀rọ ṣì ń pariwo lẹ́yìn wọn.

Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń ṣìkẹ́ láyé ni àpótí irinṣẹ́ wọn. Àpótí irin aláwọ̀ búlúù ni, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, sípánà sì tò sínú rẹ̀ látorí èyí tó kéré bí ìka ọmọ ọwọ́ dórí èyí tó gùn tó apá mi. Fáànù o, àáyọ́ọ̀nù o, ẹ̀rọ ìránṣọ mi o, kò sí èyí tí wọn ò tún ṣe rí. Àfi ìgbà tó di ọjọ́ kan, bí oṣù méjì sẹ́yìn. Bàbá tẹ̀ ba níwájú ọkọ̀ wa, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi wọlé sínú ọkọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà lókè ò jẹ́ kó rí bàbá rẹ̀. Ó fun fèrè, kò sẹ́ni tó dáhùn, ló bá sítáàtì rẹ̀. Fáànù ọkọ̀ gé ọwọ́ aṣọ Bàbá. Ọwọ́ aṣọ ni o, kì í ṣe ọwọ́ ara. Ṣùgbọ́n ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ló gbé àpótí náà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá wa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́, pé ọ̀rẹ́ òun kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ máa wá gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé tó máa parí oṣù tó ń bọ̀. Bàbá kà á, wọ́n pa ìwé dé. Àmọ́ látìgbà náà, wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á mú ìgò kan dání, wọ́n á máa yí ìdérí rẹ̀ sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì. Ó ń dùn mí. Ẹ̀rù tó ba ọkọ mi náà kì í ṣe ẹ̀rù irọ́. Ẹ gbà mí, ta ni kí n dá lẹ́bi?

Ọ̀sẹ̀ tí Sátidé yẹn wà nínú ẹ̀ gan-an ni púùlù dá tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má rò pé olówó ni wá o. Ẹni tó ta ilé fún wa ló gbẹ́ adágún tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, a kàn bá a níbẹ̀ ni, bí ẹni tó ra àgùntàn tó wá rí i pé oyún wà nínú ẹ̀. Kò tiẹ̀ tóbi. Géńdé tó bá fi apá fa omi lẹ́ẹ̀mẹ́fà, orí ẹ̀ ti kan ògiri. Pọ́ǹpù kan wà nínú ahéré páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń fa omi, tó ń sẹ́ ẹ, tó tún ń dá a padà. Bí kò bá ti ṣiṣẹ́, omi á dúró sójú kan, omi tó bá sì dúró sójú kan, ẹ ti mọ ohun tó máa ń dà.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi ń wà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó gbéra ìrìn àjò, ó ní ó di alẹ́ Fúráídè. Ní Túsìdeè, mo tan pọ́ǹpù, kò yí, ó kàn ń dún. Mo pe ọkùnrin tó máa ń bá wa fọ púùlù lórí fóònù.

"Àǹtí, mọ́tò yẹn ti kú nìyẹn. Ẹ lọ ra òmíì."

"Ṣé ẹ ti rí òkú ẹ̀ ni?"

"Bó bá ti ń dún tí ò yí, ó ti kú."

"Òkú tó ń dún? Ẹ wá bá wa sin ín nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i lòun tó lè ráyè.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Wẹ́sìdeè, omi ti ń ṣe àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì ti dé, ó jókòó létí ibẹ̀ bí onílé. Bàbá jáde wá, wọ́n wo omi, wọ́n wo ahéré, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n mú ìwé wá.

"Kí ló ṣe é?"

Mo kọ ọ́ wéré, bí mo ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù: "Ponpu n kun sugbon ko yi."

Wọ́n kà á sínú. Wọ́n mi orí. "Hẹ̀n-ẹ́n. Mo ti mọ ohun tó ṣe é. Lọ gbé àpótí mi wá."

Mo kọ: "Omo yin nko?"

"Ọmọ mi ò sí ńlé. Ìwọ lo wà ńlé."

Mo gun àga, mo gbé àpótí náà sọ̀ kalẹ̀. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀.

Wọn ò tíì fọwọ́ kan pọ́ǹpù o. Ibi àpótí iná tó wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n pa iná pọ́ǹpù, wọ́n yọ fíúùsì rẹ̀, wọ́n fi í sápò àyà wọn, wọ́n dé bọ́tìnnì lé e.

"Ìyàwó, wò mí dáadáa. Ẹni tó bá kígbe pé òun fẹ́ tan iná, mi ò lè gbọ́ ọ. Nítorí náà, iná gbọ́dọ̀ wà lápò mi. Ẹni tó bá fẹ́ tan án, á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ mí lápò ná."

Mo dúró, mo ń ro ó. Láti oṣù méjì tí wọ́n ti ń yí ìdérí ìgò, ohun tí wọ́n ń rò rèé.

Wọ́n tú iwájú pọ́ǹpù, níbi tí omi ń gbà kọjá. Rọ́bà kan wà níbẹ̀ tó ń dí omi kó má wọnú mọ́tò, síìlì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bàbá yọ ọ́, wọ́n gbé e sókè sójú oòrùn, wọ́n fajú ro. "Kò kúkú rí bí èyí tó bàjẹ́." Síbẹ̀ wọ́n ní kí n lọ ra òmíì tó bá a dọ́gba. Mo lọ, mo rà á. Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, wọ́n ti fi tuntun sí i, wọ́n to gbogbo ẹ̀ padà, wọ́n dá fíúùsì padà sáyè ẹ̀, wọ́n ní kí n tan án.

Kò yí. Ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló tún ń ṣe.

Bàbá tẹ̀ ba, wọ́n fọwọ́ pa abẹ́ mọ́tò, ó gbẹ táútáú. Wọ́n wá mú sikirudiráífà gígùn kan nínú àpótí, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan ara mọ́tò, wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí wọn, wọ́n di ojú. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àṣé egungun ṣì ń gbọ́ ohun tí etí ò gbọ́ mọ́. Lójijì ojú wọn là.

"Ìyàwó! Ó ń kùn!"

"Ṣebí ohun tí mo kọ nìyẹn!" Mo ti gbàgbé pé wọn ò gbọ́. Mo sáré mú ìwé, mo na ìka sí i.

Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ojú mi. "Ibo lo kọ ọ́ sí? 'Ó ń kún' ni mo kà. Mo ní omi ló ń kún inú ẹ̀, pé rọ́bà ti jò. Àmì dà?"

Mo kọ: "Baba, ko seni to n fi ami si mo."

"Ìwọ tó o lọ ilé ìwé girama! Ìwé mẹ́fà ni mo kà, tíṣà wa sì nà mí lẹ́gba nítorí àmì orí 'ọkọ'. Mo kọ ọ́ pé ìyá mi gbé ọkọ́ lọ síbi iṣẹ́, mi ò fi àmì sí i, ó ní ṣé ìyá mi gbé ọkọ rẹ̀ kọ́rùn ni. Wàyí o, a ti pààrọ̀ rọ́bà tí kò ṣẹ̀."

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí.

Wọ́n ní, "Gbọ́. Fáànù òkè tí à ń fi igi tì kó tó yí, kí ló máa ń ṣe é?"

Gbogbo ilé ló mọ ìyẹn, nǹkan kékeré tó ń fún fáànù lágbára kó tó gbéra. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo fi àmì sórí fáwẹ̀lì rẹ̀ gbogbo, mi ò fo ẹyọ kan: "KÀPÁSÍTỌ̀."

"Hẹ̀n. Mọ́tò yìí ò kú, ó dákú ni."

Wọ́n yọ fíúùsì, ó padà sápò. Nǹkan kan wà lẹ́yìn mọ́tò náà bí iké. Wọ́n tú u, kàpásítọ̀ wà nínú ẹ̀, ikùn rẹ̀ ti wú. Mo na ọwọ́, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n fi sikirudiráífà tí ìdí ẹ̀ jẹ́ rọ́bà kan orí irin ẹ̀ méjèèjì pọ̀, iná sì bú pàù! Mo fò sẹ́yìn.

"Ó máa ń tọ́jú iná síkùn bí àgbàlagbà ṣe ń tọ́jú ìbínú. O lè pa iná tán, kó ṣì wà nínú ẹ̀."

Láàárọ̀ Fúráídè, mo mú kàpásítọ̀ wíwú náà dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò iná. Ẹni àkọ́kọ́ ò ní irú ẹ̀. Ẹnì kejì ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀.

"Àǹtí, fáànù ni?"

"Púùlù ni."

Ó wo sálúbàtà mi tí mo fi okùn so. "Púùlù kẹ̀?"

"Ẹ bá mi wá kàpásítọ̀, ẹ fi sálúbàtà sílẹ̀."

Ọ̀sán ni mo délé. Bàbá wọnú ahéré lọ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn síta, wọ́n ń de wáyà. Mo lọ bu omi tí wọ́n máa fi ṣan ọwọ́. Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti kíṣìnnì, mo rí ọkọ mi. Ẹni tó ní alẹ́! Ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù, ó ń wo omi tó ti di àwọ̀ ewé.

"Ta ló pa pọ́ǹpù tí omi fi dà báyìí?" Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń nawọ́ sí àpótí iná.

"Má tan án! Bàbá wà nínú ẹ̀!"

Ó ti tan án kí n tó sọ ọ́ tán. Abọ́ omi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ahéré, ẹsẹ̀ Bàbá méjèèjì nà síta, sípánà ṣì ń dún kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́. Ọkọ mi ti rí àwọn ẹsẹ̀ náà.

Mo ní, "Wo ibi tó o tẹ̀. Wò ó dáadáa."

Ó wò ó. Àyè fíúùsì ṣófo.

"Ó wà lápò wọn. Látọjọ́ Wẹ́sìdeè ló ti ń wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́."

A dúró títí Bàbá fi fi ẹ̀yìn rìn jáde, tí wọ́n yíjú, tí wọ́n rí ọmọ wọn, tí wọ́n tún rí suwíìṣì tó ti tàn. Wọ́n ṣí bọ́tìnnì àpò, wọ́n mú fíúùsì, wọ́n fi í lé ọmọ wọn lọ́wọ́.

"Pa á ná. Fi èyí síbẹ̀. Kó o wá tan án."

Ó tan án. Mọ́tò kùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbéra, omi ya wọnú púùlù wàà, ọ̀pọ̀lọ́ onílé fò sáko.

Ọkọ mi mú ìwé lórí àpótí irinṣẹ́, ó kọ ọ́ lórí ìdúró: "Baba e ma binu. Apoti yin ko lo sibi kankan."

Bàbá kà á. Mi ò rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dojú ìwé kọ ọ́.

"Ṣé kí n má bínú ni, àbí kí n máa bínú?"

Kò yé e. Èmi ti fara ti ògiri, ẹ̀rín ti mú mi níkùn. Bàbá fi báírò lé e lọ́wọ́.

"Fi àmì sí i."

Ó fi àmì òkè kan sórí "ma", ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé lu. Bàbá wò ó, wọ́n gba báírò padà, wọ́n bá a fi ti "binu" sí i, wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n wọlé lọ ṣan ọwọ́.