Omi Ìjọba Àpapọ̀ Kò Gbọdọ̀ Kan Oko Fidencio

Erlinda Gallegos kì í bá èèyàn ṣàwàdà lórí ọ̀rọ̀ omi. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni òun ti jẹ́ mayordomo, ẹni tí ń ṣí omi sí oko kálukú, tí ń tì í, ní San Isidro lápá ìsàlẹ̀ ìlú Pueblo. Tó bá kàn ọ́, wàá gba omi. Tí àkókò rẹ bá pé, yóò tì í, ì báà jẹ́ pé ata rẹ ń kú lọ. Àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní olóríkunkun lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń yàn án padà lọ́dọọdún, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Fidencio àbúrò rẹ̀ ló kó wàhálà dé. Ata ni ìdílé wọn ń gbìn láti ayébáyé, ṣùgbọ́n ata kò mówó wọlé mọ́, ló bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Colorado, ó gbin igbó. Kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ rán èèyàn wá, wọ́n yẹ oko náà wò, wọ́n gba owó orí, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Erlinda kò fẹ́ràn òórùn rẹ̀, àmọ́ kò rí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ní èèwọ̀ ni. Ìjọba méjì lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó nítìjú débi pé yóò lọ bá èkejì jókòó sọ ọ́. Orí àgbẹ̀ ni wọ́n ti ń jà á. Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́ lórí òkè, omi odò fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn dé San Isidro, ogún baba wọn ni, kò sẹ́ni tó lè sọ nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n tí oṣù Keje bá dé, odò á fà, omi tí ìjọba àpapọ̀ sé sínú adágún lókè ni wọ́n ń rà lò títí dìgbà ìkórè. Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì wọn, ó na ìka sí oko Fidencio.

"Ẹ gbọ́, mà. Tí ẹ̀kán omi wa kan bá kan ìyẹn, gbogbo yín lẹ ò ní rómi gbà."

"Ìjọba ló fún un níwèé o."

"Ìjọba tiyín nìyẹn. Kì í ṣe tiwa."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbẹ̀ ti kún ilé Erlinda. Delfino Archuleta, tí oko àlùbọ́sà rẹ̀ bá ti Fidencio pààlà, ló sọ̀rọ̀ jù.

"Ẹ tì í, Erlinda. Ṣé torí ẹnì kan ni ebi á ṣe pa gbogbo wa?"

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn omi àbúrò rẹ̀. Fidencio ká a mọ́ ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí i."

"Kò ṣeé ṣí."

"Ó ń yọ òdòdó lọ́wọ́ báyìí. Tí ò bá rómi, ó ti parí nìyẹn. Mo ti fi ilé mi dógò."

"Mo mọ̀."

"Ẹ tún mọ̀." Fidencio rẹ́rìn-ín. "Tí omi Delfino bá wá gba abẹ́ ilẹ̀ wọ oko mi ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi àgádágodo ti ilẹ̀ náà?"

"Fidencio, tí mo bá ṣí i, àwọn tó kù..."

"Má pe orúkọ mi. Ọkùnrin kan wá na ìka lásán, o ti di sójà wọn."

Láti kékeré, kò sọ "o" sí i rí. Ó dun Erlinda wọra. Fidencio tutọ́ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Igbó náà gbẹ lójú gbogbo ayé, Erlinda sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ lọ ṣí omi sí àlùbọ́sà Delfino. Ó se ọbẹ̀ ata tútù ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Ajá ló jẹ ẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó gba owó orí kò yọjú wá kí i, ọkùnrin ìjọba àpapọ̀ sì kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ Erlinda pé ó ṣe dáadáa.

Nígbà òtútù, wọ́n ṣèpàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì láti yan mayordomo. Delfino ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ̀rù obìnrin yìí ń bà mí. Ẹni tó ti omi mọ́ ọmọ ìyá ẹ̀, kí ni kò ní í ṣe fún èmi?"

Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni nílé rẹ̀ lọ́jọ́sí náà ló tún ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Aláìnítìjú ni wọ́n, gbogbo wọn pátá. Erlinda wolẹ̀.

Ìgbà náà ni Fidencio nawọ́ sókè lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní òun fọwọ́ sí i kí Erlinda máa bá iṣẹ́ lọ. Inú Erlinda dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu àbúrò rẹ̀ ló ń retí.

"Ẹ fi í síbẹ̀," Fidencio ní. "Ẹni tó rọ̀ lẹ ń wá báyìí, tí á máa ṣí i fún yín. Èmi ò rẹ́ni ṣí i fún mi. Ẹ jẹ́ kó máa tì í lọ, kó lè kan ẹ̀yin náà."

Delfino jókòó. Kò sẹ́ni tó tún takò ó mọ́, wọ́n sì yan Erlinda padà. Nígbà tó fi máa rọ́nà jáde láàrin èrò lọ bá àbúrò rẹ̀, Fidencio ti wọ mọ́tò, ó ti ń lọ sí yàrá tó háyà ní Pueblo látìgbà tí wọ́n ti gba ilé rẹ̀.