Jígí Gígùn Tí Mo Kọ̀ Láti Fi Sára Ọkọ̀ Mi

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń fọ pikọ́ọ̀pù mi láràárọ̀ kí n tó bọ́jú. Okumagba Layout ní Warri ni mò ń gbé nígbà náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá iṣẹ́ débẹ̀ ni mí, iṣẹ́ mi kò sì ju kí n so tírélà kékeré onítáyà mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, kí n fi fa jẹnẹrétọ̀ ńláńlá lọ sí ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ lò ó. Tírélà náà fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí mo bá wo jígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, irin tírélà nìkan ni mo máa ń rí. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, mi ò lè rí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ẹni tó bá rí ọkọ̀ tó tóbi tó báyìí á yà fún un.

Jórinjórin kan wà ní Ekete, àgbàlagbà ará Urhobo, tó máa ń bá mi tún ìkọ́ tírélà ṣe. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sí ààyè dẹ́rẹ́bà, ó wo jígí náà títí, ó ní, "This mirror na for fine. E no fit carry this kind load." Ó ní òun lè fi irin fa apá rẹ̀ gùn síta, kí òun fi jígí gíga sí i, kí n lè máa rí ẹ̀yìn dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí ọkọ̀ mi na etí bí ehoro ni. Mo tiẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ló ṣẹlẹ̀, ní Ugborikoko. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, gbogbo wa sì dúró. Bí mo ṣe dúró ni ìyá kan tó ń kiri ike jáde láàárín ilé méjì, ó ru abọ́ àti garawa lórí. Omi ti gba ibi tó kù, ló bá gba àárín tírélà mi àti gọ́tà kọjá. Mi ò rí i. Ọkọ̀ epo ńlá kan ń bọ̀ níwájú. Mo wo jígí, mi ò rí nǹkan kan, mo sì rọra fà sápá ọ̀tún kí ó lè ráyè kọjá. Ìró ike tó ń fọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn èèyàn.

Táyà ẹ̀yìn ti gun ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́ etí gọ́tà. Kò pariwo mọ́ nígbà tí mo fi débẹ̀, ó kàn di irin tírélà mú, ó ń sọ ní Yorùbá pé, "Ẹ gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò." Ọkùnrin kan láàárín èrò bi mí pé, "You no get mirror?" Jígí méjì ni mo ní, mo sì ti nu méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì tí a gbé e dé ọsibítù, ọ̀gá tó ni tírélà pè mí jókòó. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní, "Ohun tí wàá sọ ni pé ìyá náà yọ̀ nínú omi, ó sì ṣubú sábẹ́ táyà. Kò sẹ́ni tó rí i dáadáa. Má ba ayé ara rẹ jẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n má parọ́, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí bí ọmọ iléèwé.

Ọjọ́ kẹrin ni mo lọ wo ìyá náà. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ ràgàjì, wọ́n gbé e lé ìrọ̀rí.

"Ìwọ ni dẹ́rẹ́bà yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o rí mi kó o tó fa ọkọ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mi ò mọ ohun tó dá a dúró. Mo ní, "Mi ò rí yín, mà. Jígí mi kì í jẹ́ kí n rí ibẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi kí n tún un ṣe, mo kọ̀."

"Kí ló dé tó o fi kọ̀?"

"Mo rò pé kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ mi rẹwà mọ́ ni, mà."

Ó kọjú sí ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n máa lọ. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá sì gba tírélà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta.

Nígbà tó dá a padà, Ekete ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Jórinjórin náà kò rán mi létí ohunkóhun. Ó gé irin, ó jó o mọ́ apá jígí kí ó lè yọ kọjá fífẹ̀ tírélà, ó fi jígí gíga tó tú lára lọ́rì àtijọ́ sí i, ó sì fi èyí tó rí róbótó, tó wú síta díẹ̀, sísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ ó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé wò, àfi ìgbà tó fi irin mìíràn tì í lẹ́yìn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ kí ìyá náà, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ dá mi lóhùn. Nígbà tí mo sọ pé wọ́n ń ṣe jígí náà, ó ní, "Gbé mi lọ síbẹ̀."

Nígbà tí a dé Ekete, igi méjì ló fi ti abíyá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ó dúró. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo wo jígí.

"Ṣé o rí mi níbí?"

"Mo rí orí yín, mà, àti èjìká."

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

"Mi ò rí i, mà."

Ó pe jórinjórin pé, "Oga, turn am go down small." Wọ́n yí i, ó bi mí, wọ́n tún yí i. Oòrùn mú, mo bẹ̀ ẹ́ kó wá jókòó. Kò kúrò níbẹ̀ títí mo fi rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n di ní funfun nínú jígí róbótó yẹn, lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo ní, "Mo ti rí i, mà." Nígbà náà ni omi bọ́ lójú mi.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ẹsẹ̀ yẹn kò padà bọ̀ sípò. Ó ń tiro, kò sì lè kiri mọ́, ìsọ̀ ló jókòó sí. Mo ṣì máa ń fa tírélà. Mo sì máa ń sọ fún àwọn dẹ́rẹ́bà tó kéré sí mi kí wọ́n fa jígí wọn gùn. Àwọn kan ń gbọ́, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín bí èmi náà ṣe rín in, mi ò sì lè bínú sí wọn. Tí mo bá yà sí ìsọ̀ ìyá náà, á béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ mi, á fún mi ní omi mu. Kò sọ rí pé òun ti dárí jì mí, èmi náà ò sì bi í. Tí mo bá ti dìde, á ní, "Rọra wakọ̀ o." Èmi náà á ní, "Mo gbọ́, mà."