Àwọn Tí Bàbá Mi Gbà Lálejò Sórí Kọ̀ǹpútà

Inú ti ń bí mi kí n tó jókòó rárá. Láti Ìkọ̀tún ni mo ti wá, ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ sì ti jù mí sókè sódò bí ẹni ń ku èlùbọ́. Mo wọlé, mo bá bàbá mi níwájú kọ̀ǹpútà. Ohùn obìnrin kan ń jáde látinú rẹ̀, ó ń fi òyìnbó kí i kú oríire pé ó ti jẹ ẹ̀bùn ńlá. Bàbá mi ń dá a lóhùn: "Àmín, àmín. Ẹ ṣé o."

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Kánádà, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí obìnrin, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń wojú Olúwa. Ọjọ́ kejì ni ìsọmọlórúkọ. Bàbá mi ló máa sọ ọmọ lórúkọ láti Ayọ̀bọ̀, lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn ò lo fóònù. Ojú ni. Dókítà ti sọ fún wa pé ojú bàbá mi ń lọ, àti pé èyí tó bá lọ ò ní í padà. Ṣùgbọ́n tíṣà Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kò ríran. Ó ní irọ́ ni dókítà ń pa, pé ohun tó bá ṣáà ti tóbi, òun ń rí i kedere.

"Fóònù yín yẹn ló kéré," ló máa ń wí. "Ẹ gbé ọmọ náà sórí kọ̀ǹpútà fún mi. Mo fẹ́ rí i kí ilẹ̀ tó ṣú."

A mọ ilẹ̀ tó ń sọ. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi rán mi lọ kí n rí i pé kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́.

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà, mo ní, "Yéè!" Ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní túùbáà? Ìlà gbọọrọ tí í lẹ̀ mọ́ òkè ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ní àpótí kékeré tí wọ́n á ní kó o máa wá nǹkan nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ìpolówó ọjà ló wá ṣe. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó bí èèyàn nínú. Ti bàbá mi gun orí ara wọn bí ilé alájà. Ọ̀kan ń wá aya fúnni, ọ̀kan ń pe èèyàn sí tẹ́tẹ́, ọ̀kan ń kọ́ni ní oúnjẹ òyìnbó. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó ní torí kóun lè lé àwọn yòókù lòun ṣe wá. Àyè tó ṣẹ́ kù láti fi ríran ò ju fèrèsé balùwẹ̀ lọ.

"Bàbá, ta ló kó gbogbo èyí wọlé?"

"Èmi ni. Wọ́n bẹ̀ mí."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

"Àwọn náà ni! Wọ́n á yọjú jẹ́jẹ́, wọ́n á kí mi káàbọ̀, wọ́n á bi mí bóyá mo gbà. Kí n wá ní mi ò gbà? Ilé ta ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá kí ọ, lílé ni kó o lé e?"

Mo ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ń to orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, mo ń wá wọn níkọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ ni pé orúkọ wọn máa ń dára jù. Èyí tó bá ń jẹ́ olùrànlọ́wọ́, tàbí aláàbò, tàbí olóore ọ̀fẹ́, olè ni. Mo mú olùwá-aya, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò. Kò lọ. Ó gbé àwòrán ojú tó ń sunkún síta, ó kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

"Kí ló wí?" bàbá mi bi mí.

"Ó ní kí lòun ṣe fún wa. Ó ní ṣé ó dá wa lójú pé a fẹ́ kóun lọ."

"Háà! Ó ń bẹ̀ ọ́ nìyẹn. Rọra ṣe é, jàre."

"Ẹ̀bẹ̀ wo? Jáde! Jáde nílé bàbá mi, aláìnítìjú!"

Àṣé igbe mi ti dé ìta. Ilẹ̀kùn ṣí, aládùúgbò bàbá mi wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ni, òun sì ni alága àwọn onílé àdúgbò. Alága náà ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí ìjà ilẹ̀ tàbí ti tọkọtaya tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò parí.

"Tíṣà, ta ni ọmọ yín ń lé?"

Bàbá mi ṣàlàyé. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fa àga, ó jókòó, ó tún agbádá ṣe. "A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni," ó wí. "Ọmọ mi, ka ti ẹnu wọn fún wa."

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo fi ọmọ àti ọkọ sílẹ̀ nílé, mo jókòó, mo ń túmọ̀ àwáwí túùbáà fún àwọn àgbà méjì.

"Eléyìí ní ìyàwó lòun fẹ́ bá yín wá."

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ ìyàwó?"

"Láéláé."

"Kó máa lọ. Kò ṣeé fi ipá ṣe."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dá ẹjọ́ onítẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe dá ti olóúnjẹ, títí mo fi kan èyí tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Alága dìde.

"Èyí kọ́. Òun ni mò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sá búlọ́ọ̀kù."

"Bàbá Alága, ìlú òyìnbó ni eléyìí ń sọ! Kò mọ Ayọ̀bọ̀."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi àwòrán yìnyín hàn mí. Mo fi tapólì bo búlọ́ọ̀kù mi. Ǹjẹ́ ó bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n yìnyín kankan ò—"

"Ìwọ náà ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́." Ó ṣí fìlà. "Èmi ni mo bẹ̀ ọ́. Fi tèmi ṣe."

"Fi tàgbà ṣe," bàbá mi náà gbè é lẹ́sẹ̀.

Àgbàlagbà ṣí fìlà lórí, ó ń bẹ̀ mí nítorí túùbáà. Kí ni kí n ṣe? Mo ṣépè fún túùbáà náà lábẹ́nu, mo fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́wọ́ ọ̀sán, a tan jẹnẹrétọ̀. Oyin àti orógbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, Alága ti wọ aṣọ Jímọ̀. Àbúrò mi yọ lójú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ wú fún àìsùn àti ayọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ sún mọ́ ọn. A fẹ́ gbé e wá." Bàbá mi tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

Ìgbà yẹn gan-an ni olójú-ọjọ́ ju ìpolówó síta, ó bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà pátá. Oògùn irun ni wọ́n ń polówó. Bàbá òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, apárí, wọ́n ti fi òróró kun orí rẹ̀, irùngbọ̀n wà lágbọ̀n rẹ̀, ó ń yín eyín sí wa. Ohùn àbúrò mi ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀: "Bàbá, ṣé ẹ ti rí i?"

Mo na ọwọ́ sí máòsì.

"Mo rí i!" Bàbá mi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ojú apárí náà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi dé! Ẹ wo orí rẹ̀ bó ṣe ń dán! Ìyá yín gan-an nìyí, ìyá yín ló padà wá."

Ẹ̀rín fẹ́ gbé mi. Mo wo Alága. Òun náà ti rí i, ó sorí kọ́. Àṣé kò sí ojú mọ́. Kì í ṣe fóònù ló kéré. Kò ka ohunkóhun lára ohun tí àwọn túùbáà yẹn kọ, ibi tí iná bá ti tàn ló ń tẹ̀. Ó ti ń dá jókòó nínú òkùnkùn, ó ń dá ohùn tó bá kí i lóhùn. Ó dùn mí dé eegun.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi pariwo, "ṣé lóòótọ́, Màámi ló jọ?"

"Màámi ni," mo wí.

"Àmín," Alága wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì gbàdúrà.

Mo pa apárí náà rẹ́, mo sì rí ọmọ náà, ó ń sùn nínú aṣọ funfun, ìka wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi ò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ó ń wúre lọ, ó sì sọ ọmọ lórúkọ. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, ti ọmọ náà ni.

Nígbà tí wọ́n kúrò lójú kọ̀ǹpútà, Alága wọ bàtà rẹ̀. "Yọ nǹkan yẹn kúrò," ó sọ sí mi létí. "Èmi á máa wo ojú ọ̀run." Mo yọ ọ́. Òun náà gbé ojú tó ń sunkún síta, mi ò ka ohun tó kọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi ṣì kọjú síbẹ̀. "Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ, Bàbá."

"Alága ńkọ́?"

"Ó ti lọ sílé."

"Wá jókòó," ó wí. "Báwo ni ọmọ náà ṣe rí?"

Mo jókòó tì í. "Ó nírun lórí, Bàbá. Ó kún."

Ó na ọwọ́, ó ń wá orí tèmi kiri títí ó fi bà á, ó wá ki ìka bọ inú irun mi.

"Ṣé ó kún tó báyìí?"

"Ó kún tó bẹ́ẹ̀," mo wí.